Táìlì Ẹ̀yìn Sítóòfù

Sítóòfù bú mọ́ mi lójú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gba iná náà bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Ó kúkú ti ń retí rẹ̀. Pákó ni ògiri ọ̀hún, láti ìgbà tí mo sì ti wọ ilé ọkọ ní Ajah ni mo ti ń dín ẹja níwájú rẹ̀, tí mo ń gbé e lọ tà létí títì. Òróró tó ń ta jáde nínú agbada ti rin pákó yẹn gbingbin. Ó dúdú, ó ń dán, béèyàn bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo wa là ń rí i, ìdọ̀tí la sì ń pè é.

Ọmọbìnrin mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìpẹ́ ẹja ṣeré. Kò tíì dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ìwé. Iná gun ògiri, ó dé òrùlé, kí n tó ráyè yí padà, igi kan já lulẹ̀ tòun tiná, ó bà lé apá ọ̀tún ọmọ mi. Igbe tó ké kò jọ igbe ọmọdé rárá. Mo tọwọ́ bọ inú iná, mo fà á yọ, awọ apá rẹ̀ sì bá ọwọ́ mi lọ. Títí dòní, bí mo bá ń bó iṣu sísè, mo máa ń gbé ọwọ́ kúrò ná kí n tó tún máa bá a lọ.

Àbúrò ọkọ mi ló sáré dé pẹ̀lú àdá. Àdá kì í jìnnà sí i. Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n, iṣẹ́ tó sì yàn láàyò ni kó máa lé àwọn tó bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ sórí ilẹ̀ wọn láìgbàṣẹ. Lọ́jọ́ yẹn, ó fi àdá náà ṣá àwọn òpó ilé ìdáná láti ìdí, ó ti gbogbo rẹ̀ ṣubú sí apá ọ̀sà kí iná má baà ran ilé ńlá. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi igbá bu yanrìn dà á, wọ́n ń ṣépè fún iná bí ẹni pé èèyàn ni.

Ọkọ mi dé láti ibi tó ti ń fi típà kó yanrìn, ó wo apá ọmọ, ó wò mí, ó gbá mi létí. Mo gbá a padà. Nílé tí wọ́n bí mi sí ní Ẹ̀pẹ́, a kì í gbé ìgbátí sùn. Ìyá rẹ̀ dúró síbẹ̀, àbúrò rẹ̀ dúró síbẹ̀, ẹnu yà wọ́n débi pé kò sẹ́ni tó là wá. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì jókòó sórí yanrìn gbígbóná, à ń sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Bí a ṣe ń bọ̀ láti ọsibítù ni mo sọ ọ́ fún un. Mo ní, “Ọmọ mi ò tún ní wọ ilé ìdáná tí ògiri ẹ̀ ń mu òróró mọ́. Bí ẹ ò bá lè kọ́ irú míì, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n di ẹrù mi.” Ó mọ̀ pé n kì í fi ẹnu lásán dẹ́rù bani. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló já búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn ilé.

Ògiri ilé ìdáná dìde láìsí wàhálà. Ibi tí sítóòfù máa fẹ̀yìn tì nìkan ló dìjà. Àbúrò ọkọ mi ní ká kan páànù mọ́ ọn. Mo bi í pé páànù wo, lẹ́bàá òkun? Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ wá láti etíkun ti jẹ páànù ilé ìyàgbẹ́ wa tán, béèyàn bá wà nínú rẹ̀, ẹyẹ tó ń fò lókè á rí i. Ọkọ mi ní ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ká kun ọ̀dà olóròóró sí i. Sìmẹ́ńtì ń mu òróró bí ọ̀mùtí ni. Ọ̀dà ńkọ́? Aládùúgbò wa kan kun ún sẹ́yìn sítóòfù tirẹ̀, kò pẹ́ tó fi wú bí ojú ẹni tí oyin ta, tó ń já bọ́ sínú ọbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ti dárúkọ ni mò ń kọ̀, wọ́n sì ń sọ pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́. Lóòótọ́, n kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn.

Orí sàréè bàbá ọkọ mi ni mo ti rí i.

Lágbègbè wa, inú ọgbà ilé la ń sin bàbá ilé sí. Níwájú ilé gan-an ni Bàbá sùn sí, táìlì funfun tó ní ilà búlúù létí ló bo ojú oórì wọn. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń jẹun, ibẹ̀ la ń sá ata sí, ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí ká tó bu omi fún un. Ṣùgbọ́n ní abúlé wa láyé ìgbà yẹn, orí sàréè nìkan lèèyàn ti ń rí táìlì. Bí o bá rí i tí wọ́n ń sọ páálí táìlì kalẹ̀ nílé kan, o mọ̀ pé ẹnìkan ti kú níbẹ̀, àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ojú oórì ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Alààyè kì í lò ó.

Nígbà tí a ń kọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́, iwájú ilé ni mo ń gbé àdògán sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Òróró á ta sára wọn, ẹ̀jẹ̀ ẹja á ta sára wọn. Bílẹ̀ bá fẹ́ ṣú, màá fi àkísà tútù nù wọ́n, màá ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ yín ló jẹ̀bi.” Lọ́jọ́ kan mo nù ún báyìí, mo wo àkísà, mo wo táìlì. Àkísà dúdú, táìlì mọ́ fáú. Gbogbo òróró ọjọ́ náà ló ti bá àkísà lọ, kò sí èyí tó wọ inú. Mo pariwo pe ọkọ mi. Ó rò pé ejò ni, ó gbé igi jáde.

A jọ lọ sí Èkó lọ rà á. Ọlọ́jà to oríṣiríṣi síwájú wa, ó ní, “Màdáámù, orijínà rèé, láti Ítálì ni.” Ọkọ mi fẹ́ràn èyí tó pọ́n bí amọ̀, ó ní kò ní máa fi ìdọ̀tí hàn. Inú bí mi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní èyí tó máa fi ìdọ̀tí hàn ni mo fẹ́, ṣé kò rí ibi tí èyí tó ń pa ìdọ̀tí mọ́ gbé wa dé ni. Ọlọ́jà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Funfun tó ní ilà búlúù létí ni mo mú, torí òun ni mo ti fi ọwọ́ ara mi dán wò. Páálí odindi nìkan sì ni ọlọ́jà ń tà, nítorí náà èyí tí a gbé dé ilé pọ̀ ju ògiri wa lọ dáadáa.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọkọ mi to páálí sí, níwájú yàrá ìyá rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ló gbòòrò jù. Ọyẹ́ ń fẹ́ lákòókò yẹn, ikọ́ sì ń ṣe Ìyá, wọ́n wà lórí ẹní. Wọ́n wo páálí, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wò mí, wọn ò bi wá ní nǹkan kan. Àwa náà ò sọ nǹkan kan, ta ló ń ṣàlàyé ògiri ilé ìdáná fún ẹni tó ń ṣàìsàn? Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ò ti jẹ oúnjẹ mi mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á kọjú sí ògiri. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iná yẹn ṣì ń dùn wọ́n, pé wọ́n gbà pé èmi ni mo fẹ́ sun ọmọ ọmọ wọn.

Ọjọ́ tí bíríkìlà ń lẹ̀ ẹ́ ni ilé dàrú. Ó ti lẹ̀ ẹ́ dókè, ògiri funfun, ó lẹ́wà lójú mi. Mò ń dín ẹja lórí àdògán lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọmọ mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí láti ọjọ́ tó ti jóná, kò tíì fẹsẹ̀ kan ibi tí a ti ń dáná. Ìyá ọkọ mi yọ láti inú ilé pẹ̀lú ọmọ odó léjìká. Ó yà mí lẹ́nu, torí ó pẹ́ tí wọn ò ti lágbára àtigúnyán. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n wọlé, wọn ò kí bíríkìlà, wọ́n gbé ọmọ odó sókè, wọ́n fi gún ògiri.

Táìlì fọ́ yángá. Wọ́n tún gún un. Àfọ́kù kan fò wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó la iwájú orí mi, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú. Bíríkìlà fò gba ojú fèrèsé tí a kò tíì kan fèrèsé sí, ó bọ́ sóko, a ò sì rí i mọ́ títí dòní. Mo sáré wọlé, mo di ọmọ odó mú. Arúgbó tó ń wúkọ́ yìí, n kò mọ ibi tí agbára tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà ti wá. Wọ́n fà á, mo fà á. Wọ́n já a gbà, wọ́n fi ìdí rẹ̀ gún mi láyà, mo fẹ̀yìn gbá ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tún gún ògiri ni ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí àfọ́kù, wọ́n jókòó sínú sìmẹ́ńtì tútù.

Àbúrò ọkọ mi wọlé, ìyá rẹ̀ ló rí nílẹ̀, èmi ló rí lórí ìdúró. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá mi lẹ́yìn, ó tún gbá mi. Mo ta jáde, mo fi àkísà di agbada mú lórí àdògán, mo gbé e tòun tòróró tó ń hó, mo sì padà wọlé bá a.

Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, “ẹ̀yin ọkọ mi” ni mò ń pè é, èmi tí mo jù ú lọ, torí pé ó ti wà nínú ilé kí n tó dé. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Mo ní, “Ìwọ, tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Màá dín ẹ lónìí, màá gbé ẹ lọ tà létí títì.” Ó wo ojú mi, ó mọ̀ pé n kò ṣe àwàdà. Èmi náà mọ̀. Ooru agbada ń gba inú àkísà wọ ọwọ́ mi, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọkọ mi ló dé bá wa báyẹn. Ó ta àbúrò rẹ̀ nípàá látẹ̀yìn, àdá bọ́, àwọn méjèèjì wọ̀yá ìjà. Wọ́n gbá ara wọn mọ́ ògiri tuntun, wọ́n yí nílẹ̀, àfọ́kù táìlì ń gún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkọ mi di àbúrò rẹ̀ lọ́rùn mú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ sì ń ta sára táìlì funfun tí mo yàn nítorí pé ó ń fi ìdọ̀tí hàn. Mo rò pé ó máa pa á. Ọmọ mi ń ké lóde.

Ìyá sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ tí wọ́n jókòó sí. Wọn ò pariwo.

“Ẹ má pa ara yín. Ẹ wọ̀n mí.”

Ọkọ mi dáwọ́ dúró.

“Ẹ jẹ́ kí n nà gbọọrọ, kí ẹ wọ̀n mí, kí ẹ mọ̀ bóyá èyí tó kù nínú páálí á ká mi. Ẹ gbọ́ tí mo ń wúkọ́, ẹ sáré lọ Èkó, ẹ lọ ra irú ti bàbá yín dè mí. Ẹ tò ó síwájú yàrá mi, kí n lè máa rí i bí mo bá ń lọ tọ̀. Ògiri ìdáná lẹ fi ń bojú. Ta ló ń fi táìlì dáná? Mo ṣì wà láyé o, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀. Ọkọ mi na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Èmi, ìbínú tó gbé mi dìde ni ìbínú tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin yìí ti ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ara rẹ̀, èmi sì ń gbé ẹ̀kọ lọ fún un, tí mò ń sọ nínú ọkàn mi pé arúgbó yìí ti le jù. Àánú wọn gún mi, ó dùn mí ju àdá lọ.

Mo sọ agbada kalẹ̀. Mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn, mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọ́ páálí tó kù jáde síwájú ìyá ọkọ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Mo gún un bí ẹni tó ń gún èlùbọ́. Àfọ́kù ń fò, ó ń gé mi lẹ́sẹ̀, n kò dúró. Nígbà tí kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù ní odindi, mo kúnlẹ̀ sórí rẹ̀.

Mo ní, “Màámi, ẹ wò ó. Kò sí èyí tó lè ká yín mọ́. Mo búra, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà láyé, páálí táìlì kankan ò tún ní wọ ilé yìí.” Mo sì pa ìbúra náà mọ́. Nígbà tó pẹ́ títí lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ayé sílẹ̀, sìmẹ́ńtì lásán la fi bò wọ́n, bí wọ́n ṣe fẹ́.

Wọ́n wo òkìtì àfọ́kù náà, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ojú mi. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ìwọ náà le jù. Ohun tó wọ́n tó báyìí.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fún wọn ní ẹja kan jẹ.

Bíríkìlà míì kò gbà láti dé ọ̀dọ̀ wa, ìròyìn ti tàn dé Ṣàngótẹ̀dó. Ọkọ mi ló fi sìmẹ́ńtì dí ojú ibi tí ìyá rẹ̀ gún, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìn sítóòfù gẹ́lẹ́. Ògiri mi wá dà bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Apá ibi tí táìlì wà, mò ń nù ún, ó ń mọ́. Ojú sìmẹ́ńtì yẹn ń mu tirẹ̀, ó ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Mo ń rí i, inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo ti búra. Ọmọ mi kì í wọ ibẹ̀. Bí mo bá rán an ní nǹkan, ẹnu ọ̀nà ló ti ń na ọwọ́ òsì, ọ̀tún tó jóná wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà ń wò ó. Wọ́n ń jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí sítóòfù tún gbiná. Bóyá kẹrosíìnì ni kò dára. Ahọ́n iná gùn sókè, ó kan táìlì, kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ó kan ojú sìmẹ́ńtì, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń jó lójú ògiri bí ẹni pé wọ́n gbé àtùpà kọ́ ọ. Mo fi àpò tútù bò ó, ó kú. Nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ mi dúró gan lẹ́nu ọ̀nà, ìtọ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbá a mọ́ra. Wọ́n wo dúdú ojú ògiri yẹn títí, wọ́n dìde, wọ́n mú dígà tó fẹ̀yìn ti ilé, wọ́n gba inú òjò lọ síwájú ilé.

Ìró rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí a fi dé ibẹ̀, Ìyá ti ń ki ẹnu dígà bọ abẹ́ táìlì ojú oórì ọkọ wọn, wọ́n ń hú u. Ọ̀kan fọ́, wọ́n jù ú nù. Ọ̀kan yọ ní odindi, wọ́n gbé e sínú ìró wọn. Àbúrò ọkọ mi sáré jáde, ó pariwo pé, “Màámi, orí Bàbá lẹ ń fọ́ yẹn!” Ó di dígà mú. Wọ́n já a gbà, wọ́n fi igi rẹ̀ gbá a lójúgun débi pé ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Àwa yòókù ò sún mọ́ wọn.

“Òkú wo ló ń dín ẹja?” ni Ìyá wí, omi òjò ń ṣàn lójú wọn. “Ẹ dá mi lóhùn. Bàbá yín á dáná níbẹ̀ ni?”

Ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Wọ́n hú èyí tó máa tó ojú sìmẹ́ńtì yẹn, wọ́n di ìró mọ́ra, wọ́n gbé e wá fún ọkọ mi. Wọ́n ní kó lẹ̀ ẹ́.

Ó ha sìmẹ́ńtì olóròóró yẹn kúrò, ó sì lẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe bíríkìlà, iṣẹ́ rẹ̀ wọ́. Ilà búlúù ti Bàbá kò bá ilà tiwa dọ́gba, ó ga díẹ̀, béèyàn bá sún mọ́ ọn á rí i. Níwájú ilé, ihò wà lára Bàbá, omi òjò ń dúró níbẹ̀, adìyẹ ń mu ún.

Ọjọ́ tí ó gbẹ, Ìyá wọ ilé ìdáná, wọ́n pe ọmọ mi. Kò wọlé. Wọn ò lọ fà á. Wọ́n ní, “Táìlì bàbá-bàbá ẹ ni mo fi síbẹ̀ dè ọ́. Wá ṣáná sí sítóòfù fún mi.” Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó rìn bí ẹni tó ń rìn lórí afárá olókùn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tó jóná gba ìṣáná. Ìṣáná àkọ́kọ́ kú. Ó ṣá òmíràn. Mo gbé agbada ka iná, mo da òróró sí i, mo sọ ẹja sínú rẹ̀, òróró ta pìtì lu ògiri. Ọmọ mi fò sẹ́yìn mọ́ ìyá-bàbá rẹ̀ lára. Ìyá fi etí ìró nu òróró náà, wọ́n wá fi ọwọ́ ra ojú táìlì káàkiri, wọ́n sì na ọwọ́ ọ̀hún sí ọmọ mi kí ó wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.